Oúnjẹ Tí Bàbá Mi Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Bàbá mi ò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó ti Mẹ́kà dé, àlejò ṣì kún pálọ̀ wa ní Kabala Costain, ní ìlú Kaduna. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ wá kí i, àwọn Hausa tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun sí tirẹ̀ náà wá. Kálukú ń mu omi Sàmúsàmù nínú ife kékeré, wọ́n ń jẹ dàbínù, wọ́n ń pè é ní Àlájì. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Màmá mi ti se ìrẹsì àti ẹran àgbò fún àlejò, ó sì gún iyán lọ́tọ̀, torí kò sí ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn tó iyán. Bàbá mi bu òkèlè díẹ̀, ó gbé e mì, ó ní ó dùn, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wò ó. Kò lè jókòó. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì lábẹ́ jalabíà tuntun. Tó bá dìde, á lọ sójú fèrèsé, á yọjú wo títì, á tún padà. Nígbà tí àwọn àlejò túká nírọ̀lẹ́, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ó wí. "Jẹ́ ká jáde."

Kí ó tó lọ sí Mẹ́kà, bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń jáde. Láti ilé sí ṣọ́ọ̀bù, láti ṣọ́ọ̀bù sí mọ́sálásí, ó parí. Ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń tà, ọyẹ́ Kaduna sì ni àsìkò ìkórè rẹ̀. Ní ti oúnjẹ títì, kì í fi kan ẹnu. Ó máa ń sọ fún wa pé bí ẹ ò bá mọ ọwọ́ tó sè é, ẹ má jẹ ẹ́. Èmi kì í gbọ́. Kí n tó dé ilé ìwé láàárọ̀, màá ti jẹ wáínà, àkàrà ìrẹsì, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń dín in nínú àwo amọ̀ oníhò lẹ́bàá ọ̀nà, màá sì ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tó mú mi tààrà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́súyà tó wà ní oríta wa, tó sì ní kí ó gé súyà fún wa.

Ọlọ́súyà gé ẹran sórí ìwé ìròyìn, ó bu ata yájì sí i, ó fi àlùbọ́sà àti tòmátì lé e. Bàbá mi mú ẹyọ kan, ó dijú jẹ ẹ́, ó sì mi orí.

"Kì í ṣe èyí," ó wí, ó sì ti ìyókù sọ́dọ̀ mi.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?"

A rìn kọjá ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń tò sí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ kan ni ó jẹ lọ́hùn-ún. Ó jọ ẹ̀wà, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀wà tiwa. Ó dúdú díẹ̀, wọ́n fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀, wọ́n da òróró lé e lórí, wọ́n gé àlùbọ́sà tútù sí i. Nǹkan kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń ta sánsán tí kò mọ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó atẹ, ó sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Mi ò mọ̀."

"Níbo lẹ ti jẹ ẹ́?"

Ó wo ọ̀nà. "Lójú títì náà ni," ó wí, ó sì yára ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kiri. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tó sì ti kí ìrun àlàsárì, á wá mi wá. Àwọn àbúrò mi kéré jù, màmá mi kò sì fẹ́ràn ìrìnkèrindò, nítorí náà èmi ni mo di ẹnìkejì rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tí ara tèmi náà fi gbà á. Nínú kíláàsì, bí ọwọ́ aago bá ti ń súnmọ́ ìgbà tí a máa jáde, ìdí mi kì í gbé àga mọ́.

A lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ọmọ ẹ̀wà tí Hausa ń pè ní dan wake, àwọn bọ́ọ̀lù róbótó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣe, tí wọ́n bọ̀ nínú omi, tí wọ́n sì fi òróró àti ata gígún jẹ. Bàbá mi jẹ àwo kan tán, ó ní kì í ṣe òun. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lẹ́bánọ́ọ̀nù kan tó ń ta ṣàwámà. Ẹni tó ni ibẹ̀, Kaduna ni wọ́n bí i sí, Hausa tirẹ̀ sì já geere ju tèmi lọ. Ó gbọ́ àlàyé bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀ Lárúbáwá tóbi, Àlájì, ẹ̀wà wọn kò sì ní òǹkà. Ó wọlé lọ, ó gbé àwo kan jáde tí nǹkan funfun wà nínú rẹ̀, òróró yí i ká. Mo na ọrùn wò ó. Bàbá mi fi búrẹ́dì gbá a, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ó jẹ́ ìbátan rẹ̀," ó wí fún mi lédè Yorùbá, "àmọ́ òun kọ́."

A tilẹ̀ lọ sí Mahuta. Láti ìgbà tí ìjà ẹ̀sìn ti pín ìlú wa, kálukú ti mọ àdúgbò tí òun lè jókòó jẹun sí láìwẹ̀yìn, Mahuta kò sì sí lára ibi tí Àlájì onífìlà funfun máa ń dúró sí lójú títì. Ẹnì kan ló sọ fún un pé obìnrin Ìgbò kan ń ta ọ̀kpá níbẹ̀, pé ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí a sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn yíjú wò wá. Mo di apá aṣọ bàbá mi mú. Obìnrin náà ní tirẹ̀ kò wò wá ju bó ṣe ń wo àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù lọ. Ó fi Hausa kí bàbá mi káàbọ̀, ó tú ewé, ooru jáde, ọ̀kpá náà pupa yòò bíi ìyeyè. Bàbá mi jẹ ẹ́ lórí ìdúró níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, àmọ́ kí obìnrin náà di méjì sí i fún un, nítorí ó dáa.

Ibi tí a ń lọ jù ni Kabala Doki. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe gúràsà, búrẹ́dì pẹrẹsẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ààrò amọ̀ títí tí yóò fi jinná. Bàbá mi ní búrẹ́dì yẹn jọ ọ́ gan-an, pé tí òun bá ti rí búrẹ́dì, ẹ̀wà rẹ̀ kò lè jìnnà. Màmá arúgbó náà a máa rẹ́rìn-ín sí i. Eyín rẹ̀ ti ku díẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì ti funfun. Ó ní ọkọ òun tó ti kú náà lọ sí Mẹ́kà, tó dé tí kò jẹun dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi a jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a máa wo iná inú ààrò. Ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ti í mì.

Àwọn ènìyàn sì ń wò wá. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ sọ fún màmá mi pé Àlájì ti ń jẹun lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Kabala Doki o, pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, àti pé ọmọ rẹ̀ obìnrin gan-an ló ń mú dání kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Màmá mi kò pariwo. Ó se oúnjẹ alẹ́ ní ọ̀sán, ó bò ó, ó wọ aṣọ, ó fi híjáàbù rẹ̀ sí i. Nígbà tí bàbá mi dé láti ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó ti jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo fẹ́ bá yín lọ lónìí," ó wí.

"Lọ síbo?"

"Ibi tí ẹ̀ ń lọ."

Bàbá mi wò mí, mo wo ilẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, èmi láàárín, ó di Kabala Doki. Mo ń gbọ́ bí màmá mi ṣe ń mí.

Ìyá arúgbó rí wa, ó ń fi ọwọ́ kan nu ìyẹ̀fun lára èkejì. Ó kí màmá mi, ó bi í nípa ilé, ó bi í nípa àwọn ọmọ, ó bi í nípa oòrùn. Màmá mi dúró, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo eyín rẹ̀, ó wo ojú funfun yẹn. Ìtìjú bò ó. Ó kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tó dìde, ìbínú rẹ̀ kò tíì lọ, ó kàn kúrò lórí obìnrin náà bọ́ sórí bàbá mi ni.

"Àlájì," ó wí, "tí kì í bá ṣe obìnrin, kí wá ni? Kí ni mo se tí kò dùn mọ́? Láti ìgbà tí ẹ ti dé lẹ ti ń fọ ọwọ́ lórí oúnjẹ mi."

"Kì í ṣe oúnjẹ rẹ."

"Kí ni?"

Ìyá arúgbó kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ó gbé búrẹ́dì mẹ́ta síwájú wa, ó mú búútà rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Bàbá mi fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, bó ṣe ń wo iná.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ sọ Ṣàtánì lókò ní Mínà, èrò gbé e lọ. Ó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. Fóònù rẹ̀ ti kú. Nígbà tó fi máa já kúrò láàárín èrò, àgọ́ funfun ló rí níwájú, àgọ́ funfun lẹ́yìn, gbogbo wọn rí bákan náà, kò sì rántí èyí tó jẹ́ tiwọn. Ó rìn ní gbogbo ọ̀sán, ó rìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó sọ Hausa, wọn kò gbọ́. Ó sọ Yorùbá, ó sọ ìwọ̀nba òyìnbó tó mọ̀. Bàtà rẹ̀ já, ó sọ ọ́ nù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń sunkún.

"Ẹkún gidi," ó wí. "Bíi ti ọmọdé. Èmi tí mo ní ilé, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù."

Ọkùnrin kan tó wé láwàní ńlá funfun wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kan tí ọrùn rẹ̀ gùn. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jókòó, ó ya búrẹ́dì, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó ti àwo ẹ̀wà sí i níwájú. Bí bàbá mi ṣe ń jẹ ẹ́, ó ń da òróró sí i. Nígbà tó jẹ tán, ọkùnrin náà bá a rìn títí ó fi rí àwọn tó mọ ibi tí àgọ́ Nàìjíríà wà.

"Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wá mi. Wọ́n bi mí níbi tí mo wà. Mo ní mo wà níbi tí mo ti ń kírun, pé ọkàn mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀." Ó gbé ojú sókè wo màmá mi. "Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Wọ́n ní ìtara mi fún ìjọsìn pọ̀. Ní báyìí gbogbo èèyàn ń pè mí ní Àlájì, tí mo bá sì ti gbọ́ ọ, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn ni mo ń rántí."

Màmá mi mú ọ̀kan nínú búrẹ́dì náà. Ó ya gúràsà náà sí méjì, ó fi ìdajì síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹun," ó wí. Nígbà tó yá ló tún sọ pé, "Ẹ̀wà ni, àbí? Èmi náà mọ ẹ̀wà sè."

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí, àmọ́ ńṣe ni gbogbo ilé wa wá di ilé tí kò ní ìsinmi. Màmá mi gbájú mọ́ iṣẹ́ náà. Ó fi ẹ̀wà pupa dán an wò, ó fi ẹ̀wà funfun dán an wò, ó fi ẹ̀wà sóyà. Ó ń lọ láti ìsọ̀ kan sí òmíràn ní ọjà, ó ń gbóòórùn gbogbo ohun tí àwọn Hausa fi ń se oúnjẹ, ó ń kó wọn wálé nínú ọ̀rá kéékèèké. Bàbá mi á tọ́ ọ wò, á ní ó kù díẹ̀. Màmá mi á ní díẹ̀ báwo, iyọ̀ ni àbí òróró? Kò lè ṣàlàyé. Wọ́n á jọ dúró nídìí ìkòkò bíi àwọn méjì tí wọ́n ń tún rédíò ṣe. Bàbá mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyán rẹ̀.

Èmi ni àìsinmi náà kò fi sílẹ̀. Mo parí ilé ìwé girama, mo fẹ́ lọ. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ, mo kàn mọ̀ pé mo ti jẹ gbogbo ohun tó wà ní ìlú yìí. Àwọn ọmọ Kaduna pọ̀ nígbà náà tí wọ́n ń lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Sùdáánì, nígbà tí àyè yunifásítì kò sì yọ fún mi nílé, bàbá mi ní kí èmi náà máa lọ.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò ní Katúmù, olú ìlú Sùdáánì, ebi ló lé mi jáde. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n tò yí ìkòkò kan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a ń gbé, ìkòkò tí ọrùn rẹ̀ gùn. Ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ wé láwàní. Ó bu ẹ̀wà dúdú sínú àwo, ó fi ìdí ìgò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀, ó da òróró sí i, ó gé àlùbọ́sà lé e. Àgbéjẹ àkọ́kọ́ kò tíì kọjá ọ̀fun mi tí mo fi mú fóònù.

"Bàbá, fúùlù ni wọ́n ń pè é."

Mo rò pé ìpè náà ti já.

"Fúùlù," ó wí níkẹyìn. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń pè é fún màmá mi, màmá mi sì ń ní kó tún un pè.

Ó ju ọdún mẹ́rin lọ tí mo fi jẹ fúùlù lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. A dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, a ń gbọ́ ìbọn. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì gbé wa gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ẹnubodè Íjíbítì, a dúró níbẹ̀ títí, ọkọ̀ òfuurufú sì gbé wa wálé. Báàgì kan ni mo mú dé Kaduna. Màmá mi dì mọ́ mi ní pálọ̀, kò fẹ́ jọ̀wọ́ mi. Bàbá mi ti hu ewú. Kò bi mí nípa ilé ìwé, kò bi mí nípa ìwé ẹ̀rí.

"Ẹni tó ń ta fúùlù yẹn ńkọ́?" ó wí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. A kò rí i mọ́ láti ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀."

Ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúà fún un, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí ẹ̀wà náà nínú agolo ní ṣọ́ọ̀bù Lẹ́bánọ́ọ̀nù. Mo sè é bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe é, mo fi ìdí ìgò tẹ̀ ẹ́, màmá mi ń ṣọ́ ọwọ́ mi, kò fẹ́ kí ohunkóhun bọ́ lójú òun. Bàbá mi fi búrẹ́dì gbá a, ó jẹ ẹ́.

"Òun ni," ó wí.

Ó jẹ ẹ́ tán. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun fi iyọ̀ díẹ̀ sí i nígbà mìíràn. Màmá mi ló wò mí, tó wò ó, tó sì gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti sọ ẹrù kan kalẹ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́místírì báyìí ní ilé ìwé kan, mo sì ń dúró de ilé ìwé tí yóò gbà mí kí n parí iṣẹ́ ìṣègùn tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ní Katúmù ti fọ́n káàkiri. Ọ̀kan wà ní Káírò, ọ̀kan wà ní Kìgálì, ọ̀kan wà ní Adìsì Abábà. Àwòrán oúnjẹ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ lọ: ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ makaróònì àti ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sun lórí ẹyín iná, ẹja inú ìwé. Mo máa ń wò wọ́n láàárín kíláàsì, mo máa ń wò wọ́n nínú kẹ̀kẹ́. Mo ti ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù tuntun.

Lánàá, màmá mi wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń wo fóònù. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé mo ti ń rìn yíká ilé láti àárọ̀. Mo fi èyí tó ti Adìsì Abábà wá hàn án, búrẹ́dì rẹ̀ tẹ́ bo gbogbo àwo, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn, oríṣiríṣi ọbẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ ní òkìtì òkìtì.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi.

"Èyí wàyí," ó wí, "kí ni wọ́n fi ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀, mo máa béèrè.

"Béèrè nísinsìnyí," ó wí, kò sì dá fóònù náà padà.